Ohun Tí Ojú Akẹ́kọ̀ọ́ Ìṣègùn Ń Rí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a kò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́. Bí a bá rí dókítà tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ àyà kọ́ ọrùn, ohun tí ó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa lọ́kàn ni owó, ọkọ̀ àti iyì. Ìwọ̀nba ènìyàn ni ó máa ń bèèrè ọ̀nà tí ó gbà dé ibẹ̀. Èmi pàápàá kò bèèrè rí, àfi ìgbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n ìyá mi, jọ gbé yàrá kan ní Òṣogbo fún ọdún méjì. Ìmọ̀ ìṣègùn òyìnbó ni ẹ̀gbọ́n mi ń kọ́, èmi sì ń kọ́ èdè Yorùbá. Mo rò nígbà náà pé ẹ̀kọ́ tirẹ̀ àti tèmi kò pàdé níbì kankan. Ohun tí mo fojú ara mi rí ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí pé nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé ojú ẹ̀, ó kan àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí gbọ̀ngbọ̀n.

Bí Ẹ̀kọ́ Náà Ṣe Rí

Ọdún mẹ́fà ni ẹ̀kọ́ ìṣègùn ń gbà ní àwọn yunifásítì wa. Ní ọdún kìíní, físíìsì, kẹ́mísìrì àti báyọ́lọ́jì ni wọ́n ń kọ́ pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sáyẹ́ǹsì yòókù. Ní ọdún kejì àti ìkẹta, wọn a máa kọ́ nípa ẹ̀yà ara ènìyàn àti bí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n tó ń wọ ilé-ìwòsàn láti kọ́ ìtọ́jú aláìsàn: àìsàn inú ara, iṣẹ́ abẹ, àìsàn ọmọdé, ọ̀rọ̀ aboyún àti ìlera àwùjọ. Bí wọ́n bá sì jáde tán, wọn yóò tún ṣiṣẹ́ ọdún kan lábẹ́ àwọn dókítà àgbà kí wọ́n tó gba ìwé-àṣẹ ní kíkún, wọn yóò sì sin ilẹ̀ bàbá wọn fún ọdún kan. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn, bí ohunkóhun kò bá dá wọn dúró lọ́nà.

Ọdún kejì ni wọ́n ń wọ yàrá òkú. Òkú ènìyàn ni wọ́n ń fi kọ́ṣẹ́, wọn a sì máa fi oògùn kan tí ó ń jẹ́ fọ́málìn pa á mọ́ kí ó má baà jẹrà. Òórùn oògùn yìí a máa ta ojú, a sì máa dúró sára aṣọ. Odindi oṣù kan ni ẹ̀gbọ́n mi kò fi lè jẹ ẹran. Ẹ̀wà àti gààrí ni a jọ ń jẹ, n kò sì ráhùn, nítorí mo mọ ibi tí ó ti ń bọ̀.

Egungun 206 ni ó wà lára àgbàlagbà. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn gbọ́dọ̀ mọ orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ibi tí iṣan ti so mọ́ ọn, àti ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá lára rẹ̀. Nítorí èyí, àwọn kan a máa yá egungun láti kà á nílé. Ẹ̀gbọ́n mi yá egungun itan kan, ó fi aṣọ wé e, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ tí ìyá onílé wa wọlé wá wo ibi tí òrùlé ti ń jò, ó ṣèèṣì fi ẹsẹ̀ kọ ọ́, aṣọ tú. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ojú ń rí ní ìlú yìí nípa àwọn tí ń fi ènìyàn ṣoògùn owó. Kí á tó wí, kí á tó fọ̀, àdúgbò ti pé. Ìwé ìdánimọ̀ yunifásítì àti ìwé ńlá tí wọ́n ya egungun sí ni ó gbà wá sílẹ̀. Ìyá onílé dárí jì wá, ṣùgbọ́n kò wọ yàrá wa mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ní ti ìdánwò, ẹni tí ó bá gba 40 tàbí 45 nínú 100 ní ọ̀pọ̀ ẹ̀ka mìíràn ti yè bọ́. Ní ti ìṣègùn, 50 ni ó kéré jù. Ẹ̀yà ìdánwò kan wà tí wọ́n ti ń to tábìlì. Wọn a gún abẹ́rẹ́ mọ́ ibì kan lára òkú tàbí egungun, akẹ́kọ̀ọ́ yóò kọ orúkọ ibẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀, agogo yóò lù, yóò sì sún sí tábìlì kejì, yálà ó rí i kọ tàbí kò rí i kọ. Yàtọ̀ sí èyí, ó ń bẹ níwájú tí yóò dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọn yóò máa bi í léèrè lójúkojú. Ẹni tí ó bá kùnà yóò tún un ṣe. Bí ó bá tún kùnà, ó lè padà sí kíláàsì tí ó wà tẹ́lẹ̀, tàbí kí wọ́n ní kí ó wá ẹ̀kọ́ mìíràn kọ́. Ẹni tí ó gba ipò kìíní ní ilé-ìwé girama ní ìlú rẹ̀ ni irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí, ìtìjú rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré, nítorí gbogbo ẹbí ti ń pè é ní dókítà láti ọjọ́ tí ó ti wọlé.

Ìyanṣẹ́lódì

Ohun tí ó tún ń ba akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ́kàn jẹ́ ni ìyanṣẹ́lódì. Ní 2020, àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní oṣù Kẹta, oṣù Kejìlá ni ó tó parí. Ní 2022, wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì, ó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá. Bí olùkọ́ bá wà lẹ́nu iṣẹ́, àwọn dókítà náà lè gùn lé tiwọn. Nígbà tí dókítà bá daṣẹ́ sílẹ̀, wọn a kó aláìsàn lọ sílé, wọ́ọ̀dù a ṣófo, akẹ́kọ̀ọ́ kò sì ní rí aláìsàn tí yóò kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò lè fi ìwé nìkan kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ ìró ọkàn.

Òṣogbo fúnra rẹ̀ ti rí nínú irú ọ̀ràn yìí. Ní 1990 ni ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ àtijọ́ dá yunifásítì tí a ń pè ní LAUTECH lónìí sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Nígbà tí wọ́n yọ ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ìpínlẹ̀ méjèèjì jọ ni ín, ẹ̀ka ìṣègùn rẹ̀ sì wà ní Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ owó di fà-á-kí-n-fà-á láàárín ìpínlẹ̀ méjèèjì. Ní 2016 àti 2017, ìyanṣẹ́lódì gba ọ̀pọ̀ oṣù lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé LAUTECH ti di ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ nìkan. Ẹ̀kọ́ ìṣègùn rẹ̀ kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ilé-ìwòsàn ńlá tí ó wà ní Òṣogbo sì di ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí erin méjì bá ń jà, koríko abẹ́ wọn ni ó ń jìyà.

Ọ̀rọ̀ Tí Ìwé Kò Kọ́ Wọn

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ bọ̀ yìí, ẹ̀gbọ́n mi fara dà á. Ohun tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú un fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ní èdè Yorùbá.

Èkó ni wọ́n ti tọ́ ẹ̀gbọ́n mi dàgbà, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì ń sọ nílé. Ó gbọ́ Yorùbá tí ó tó fi ra ọjà. Nígbà tí ó wọ ilé-ìwòsàn, ní ìlú kan ní agbègbè wa tí n kò ní dárúkọ, iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ni pé kí ó jókòó ti aláìsàn, kí ó bi í léèrè bí àìsàn ṣe bẹ̀rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì rò ó fún dókítà. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé obìnrin kan wọlé tí inú ń run. Obìnrin náà sọ pé, "Mo fẹ́ra kù, ọjọ́ kẹta nìyí tí inú ti ń run mí, òòyì sì ń kọ́ mi." Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ "ara" àti "kù". Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé obìnrin náà ń rù.

Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Yorùbá mọ̀ pé ohun tí obìnrin yìí sọ ni pé òun kò rí nǹkan oṣù òun, pé òun lóyún. Bí obìnrin bá fẹ́ra kù, tí inú ń run ún, tí òòyì sì ń kọ́ ọ, ohun tí dókítà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ̀rù ni oyún tí ó dúró sí ìta ilé ọmọ. Irú oyún bẹ́ẹ̀ lè bẹ́, kí ẹ̀jẹ̀ máa dà sínú ikùn, kí ó sì pa obìnrin láàárín wákàtí díẹ̀. Ìyá nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tí ó ń kọjá lọ ni ó gbọ́ tí aláìsàn náà tún un sọ. Ó dúró, ó wo ìwé tí ẹ̀gbọ́n mi kọ, ó sì sáré lọ pe dókítà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún obìnrin náà, ó sì yè.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi dé ilé, kò jẹun, kò sì sùn. Ó ní, "Àbúrò, mo mọ orúkọ egungun 206, n kò mọ ohun tí ìyàwó ẹnìkan ń wí fún mi." Ó ní òun yóò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. N kò mọ ohun tí mo lè fi tù ú nínú. Mo kàn mú ìwé kan jáde, mo kọ "fẹ́ra kù" sí òkè rẹ̀, mo sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ síwájú rẹ̀.

Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀. A kọ pé "àyà mi ń já" lè jẹ́ ẹ̀rù, ó sì lè jẹ́ pé ọkàn ń sáré lu. Pé "àyà ń dùn mí" yàtọ̀ sí i. A kọ ikọ́ ẹ̀gbẹ, gìrì, wárápá, làkúrègbé, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. A kọ pé "ó ti sọ̀ kalẹ̀" túmọ̀ sí pé aboyún ti bímọ láyọ̀. A kọ ohun tí a kì í dárúkọ ní gbangba àti bí àgbà obìnrin ṣe ń pẹ́ ẹ sọ. Ọ̀kan wà tí ó yà á lẹ́nu púpọ̀. Ìwé ìṣègùn ní kí ó bèèrè lọ́wọ́ gbogbo aboyún pé ọmọ mélòó ni ó ti bí, mélòó ni ó kù láyé. Bí ó bá bèèrè báyìí, àwọn ìyá a máa dákẹ́, tàbí kí wọ́n wí ohun tí kì í ṣe òótọ́. Mo sọ fún un pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Mo ní kí ó kọ́kọ́ kí ìyá náà, kí ó gbàdúrà fún ọmọ inú rẹ̀, kí ó wá bèèrè pé ta ni àkọ́bí, ta ni ó tẹ̀lé e. Bí ó bá rọra ń bá a lọ báyìí, ìyá náà yóò fúnra rẹ̀ dé orí èyí tí ó ti lọ.

Èdè Ìjẹ̀ṣà tún jẹ́ ìṣòro mìíràn. Arúgbó tí ó wá láti oko yóò pe ilé ní "ulé", yóò pe iṣẹ́ ní "uṣẹ́". Èmi tí mo ń kọ́ ẹ̀ka-èdè nínú kíláàsì pàápàá ní láti tẹ́tí dáadáa.

Ohun Tí Iléṣà Ti Fi Hàn

Kì í ṣe òní ni a ti mọ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà pé ẹni tí yóò wo aláìsàn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀. Ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, tí ìjọ Mẹ́tọ́díìsì dá sílẹ̀, di ara ilé-ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀ ní 1975, títí di òní ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń ti Ilé-Ifẹ̀ wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Kí ó tó di ìgbà náà, láti 1956 sí 1961, dókítà òyìnbó kan tí ó ń jẹ́ David Morley ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ó rí i pé àwọn ọmọdé tí wọ́n ń gbé wá ti máa ń kọjá àtúnṣe kí wọ́n tó dé. Nítorí náà, ó lọ sí Ìmẹ̀sí-Ilé, ó ń wọn àwọn ọmọ láti ìgbà tí wọ́n ti bí wọn, ó sì ń kọ ìwọ̀n wọn sórí káàdì kan tí ìyá ọmọ ń mú dání. Àwọn nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbọ́ èdè àwọn ìyá náà ni wọ́n ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ayé. Bí ẹ bá lọ wọn ọmọ lónìí, tí wọ́n bá fa ìlà sórí káàdì, ẹ rántí Ìmẹ̀sí-Ilé.

Ní ìparí, ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ń bi wá pé kí ni a fẹ́ fi Yorùbá ṣe. Mo ti ní ìdáhùn kan báyìí. Àwọn dókítà wa ń lọ sí òkè òkun lọ́pọ̀lọpọ̀, àwọn tí ó kù nílé kò tó, iṣẹ́ sì wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Èyí tí ó bá kù fún wa, ó yẹ kí ó lè gbọ́ ohun tí ìyá wa ń wí. Mo rọ ẹgbẹ́ wa pé kí a bá ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sọ̀rọ̀, kí a sì máa fi wákàtí kan lọ́sẹ̀ kọ́ wọn ní ọ̀rọ̀ àìsàn àti bí a ṣe ń bi àgbà léèrè. Kò ní ná wa ní kọ́bọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ó ti wà ní ọdún tí ó kẹ́yìn báyìí. Ìwé tí a jọ kọ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, inú àpò aṣọ funfun rẹ̀ ni ó máa ń wà. Ní oṣù tí ó kọjá, ó fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí mi láti wọ́ọ̀dù tí ó fẹ́ mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èmi náà kò mọ̀ ọ́n. Ìyá onílé wa ni mo lọ bi.