Ọmọ Tí A Kò Fà Mọ́ra

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn ìyàwó ń bá wa sọ ní Alábà Rago, yálà ilé Haúsá ni o tàbí ilé Yorùbá: "Ọkọ mi kì í lù mí, owó oúnjẹ kì í sì í wọ́n mi, ṣùgbọ́n kì í bá mi sọ̀rọ̀."

Ọkùnrin yẹn kì í ṣe ìkà o. Nílé tí wọ́n ti tọ́ ọ, bí wọ́n bá ti gbọ́ ikọ́ bàbá lẹ́nu ọ̀nà, kálukú á sá wọ yàrá. Owó oúnjẹ àti ìbẹ̀rù ló mọ̀ sí ìfẹ́. Kí ló fẹ́ fún ìyàwó ju èyí tó rí gbà lọ?

Al-Aqra' bin Habis rí Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó ń fẹnu ko Hasan, ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ẹnu yà á. Ó ní òun bí ọmọ mẹ́wàá, òun kò fẹnu ko ìkankan rí. Ànábì fèsì pé ẹni tí kò bá ṣàánú, a kì í ṣàánú òun náà.

Àwọn onímọ̀ ayé òde òní náà wádìí rẹ̀. Láàrin 1954 sí 1955, Mary Ainsworth ń bẹ àwọn ìyá àti ọmọ ọwọ́ wò ní abúlé Uganda. Ó rí i pé ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ pé ìyá òun wà nítòsí ló ń láyà láti rà lọ ṣeré lọ́nà jíjìn. Ní 1987, Hazan àti Shaver fi irú ìmọ̀ yìí wo ìfẹ́ láàrin tọkọtaya.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ fún ẹni tí òbí rẹ̀ kò sí nílé. Bàbá Ànábì kú kí wọ́n tó bí i. Ìyá rẹ̀ Aminat kú nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Abdul-Muttalib, bàbá bàbá rẹ̀, gbà á, ó ń jẹ́ kó jókòó sórí ẹní òun lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kaaba, níbi tí àwọn ọmọ tó bí gan-an kì í jókòó sí. Nígbà tí òun náà kú, Abu Talib gbà á. Ẹ wo ọmọ òrukàn yìí nígbà tó dàgbà: ó ń bá Aishat ìyàwó rẹ̀ sáré ìje!

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ gba ọmọ ẹ̀gbọ́n tàbí ọmọ àbúrò sọ́dọ̀, ẹ̀yin ni Abu Talib rẹ̀. Ẹ̀yin bàbá tí ẹ ń jáde ní ìdájí nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọ̀nà Bàdágírì, tí ọmọ ti sùn kí ẹ tó dé, ìṣínu Rámádáànì ń kó gbogbo ilé jọ. Ẹ gbé ọmọ sórí itan, kí ẹ fi dàbínù sí i lẹ́nu. Bí ojú bá ń tì yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ lára èyí tó kéré jù. Òun kò tíì mọ̀ pé ẹ kì í ṣeré.