Kí Á Tó Gbà Kí Wọ́n Yọ Owó Ìtọrẹ Àánú Lára Owó Oṣù Wa

Bí ọdún bá ti ń lọ sí òpin, lẹ́tà tí ń tọrọ owó kì í wọ́n lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní agbègbè Yewa. Ọ̀kan á ní òun ń tọ́jú ọmọ aláìlóbìí, òmíràn á ní òun ń ra oògùn fún alárùn jẹjẹrẹ, òmíràn á mú àwòrán ọmọ tí ebi hàn lójú rẹ̀ wá síwájú ìpàdé. Ohun tí wọ́n sì máa ń fẹ́ ni kí ẹgbẹ́ fọwọ́ sí i pé kí a máa yọ iye kan lára owó oṣù àwọn ọmọ ẹgbẹ́, ìbáà ṣe olùkọ́, ìbáà ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ní Ayétòrò, ìbáà ṣe àwọn tí ń ṣiṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ní Ìbẹ̀sè.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, ìtọrẹ kì í ṣe àjèjì sí wa. Láti ọdún 1995 ni àpapọ̀ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù gbogbo àgbáyé ti fi àníyàn fún ìlú ṣe ìkeje nínú àwọn ìlànà tí a ń tẹ̀lé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti àpò ara rẹ̀ tọrẹ, tí wọ́n sì ná an ní ìnákúnàá, tirẹ̀ nìkan ló lọ. Owó tí a ń yọ lórí ìwé owó oṣù yàtọ̀. Ẹni tí kò sí ní ìpàdé ọjọ́ náà ń san án, ẹni tí owó oṣù rẹ̀ kò tó ilé gbọ́ náà ń san án, tí ó bá sì ṣe oṣù mẹ́ta, kò ní í rántí mọ́ pé òun ń san nǹkan kan. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí ìgbìmọ̀ má ṣe dá a fọwọ́ sí. Ìpàdé gbogbogbòò ni kí ó jíròrò rẹ̀, kí olúkúlùkù sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé òun gbà.

Ohun kìíní tí ó yẹ kí akọ̀wé bèèrè ni nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ wọn. Àjọ CAC ni ó ń fi orúkọ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ní ilẹ̀ wa, pẹ̀lú orúkọ àwọn alámòójútó rẹ̀, ènìyàn sì lè wá orúkọ náà lórí ẹ̀rọ ayélujára wọn. Òfin tí ìjọba fọwọ́ sí ní ọdún 2020 sọ pé láàárín ọgbọ̀n ọjọ́ oṣù kẹfà sí ìparí oṣù kejìlá ni kí àwọn alámòójútó máa mú ìròyìn ọdọọdún wọn wá. Bí ọdún mẹ́ta bá ti kọjá láìsí ìròyìn, ẹ bi wọ́n ohun tí ó fà á. Ẹ bèèrè ìwé-ẹ̀rí SCUML pẹ̀lú, ẹ̀ka EFCC tí ń ṣọ́ owó tí ń wọlé sọ́dọ̀ wọn. Kì í kúkú ṣe gbogbo ẹgbẹ́ rere ni CAC dá sílẹ̀: Red Cross ilẹ̀ Nàìjíríà ní òfin tirẹ̀ láti ọdún 1960.

Ṣùgbọ́n nọ́ńbà nìkan kò tó. Ní Amẹ́ríkà, ní oṣù karùn-ún ọdún 2015, ìjọba àpapọ̀ àti gbogbo ìpínlẹ̀ 50 gbé ẹgbẹ́ mẹ́rin tí ń tọrọ owó fún alárùn jẹjẹrẹ lọ sí ilé-ẹjọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Cancer Fund of America, orúkọ tí ó fara jọ ti American Cancer Society tí ayé mọ̀. Wọ́n forúkọ sílẹ̀ o! Ẹ̀sùn náà ni pé láàárín ọdún 2008 sí 2012, wọ́n gba owó tí ó ju mílíọ̀nù 187 dọ́là lọ, díẹ̀ kíún ló sì dé ọ̀dọ̀ aláìsàn. Owó oṣù ẹbí àti ọ̀rẹ́, ọkọ̀, àti ìrìn-àjò fàájì ni wọ́n ní ó gba ìyókù.

Ìyá tí ń ra àpò gàrí ní ọjà Joga-Orílé kì í wo ojú àpò nìkan, á ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀. Ẹ bèèrè ìwé ìṣirò owó ọdún méjì, èyí tí ayẹ̀wé-owó-wò tí kì í ṣe ẹbí wọn ti fọwọ́ sí. Ẹ wo iye tí ó wọlé, iye tí ó dé ọwọ́ aláìní, àti iye tí àwọn olórí gbà. Kí á má ṣe àṣejù níhìn-ín ṣá: ẹgbẹ́ tí ó bá ní kọ́bọ̀ kan kò lọ sí ọ́fíìsì, ó ṣeé ṣe kí ó máa parọ́, tàbí kí ó má ní ẹni tí ń kọ ìwé owó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ń gba owó oṣù, mọ́tò tí ń gbé oògùn lọ sí abúlé ń mu epo. Ohun tí ó burú ni kí wọ́n má lè sọ iṣẹ́ tí owó èṣí ṣe.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ìtọrẹ tí ó bá ṣèlérí èrè. A kò tíì gbàgbé MMM. Wọn kò pè é ní òwò, ìrànlọ́wọ́ ni wọ́n pè é, pẹ̀lú èlé ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lóṣù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016 ni wọ́n ti owó pa mọ́ àwọn ènìyàn lọ́wọ́, àjọ NDIC sì sọ pé nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́ta ọmọ Nàìjíríà pàdánù bílíọ̀nù 18 Náírà.

Bí ilé ọmọ aláìlóbìí bá wà nítòsí, ní Ìlaròó tàbí Abẹ́òkúta, ẹ rán ènìyàn méjì lọ láìsọ ọjọ́ tí wọn ń bọ̀. Kí wọ́n béèrè ìwé àṣẹ ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n sì wo ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Kí wọ́n bi ẹni tí ń ta ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé náà pẹ̀lú. Ó mọ ẹni tí ń sanwó àti ẹni tí ń jẹ gbèsè.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tẹ́ ìpàdé lọ́rùn, orúkọ ẹgbẹ́ náà ni kí ó wà lórí àkáǹtì tí a ó san owó sí, kì í ṣe orúkọ ẹnì kankan, kí akápò sì gba rìsíìtì lóṣooṣù. Ẹ fi oṣù mẹ́fà dán an wò. Bí ìròyìn iṣẹ́ kò bá dé nígbà náà, kí akápò dá yíyọ owó dúró, kí ó sì kà á sétí ìgbọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé tí ó tẹ̀lé e.