Ohun Tí Ojú Ń Rí Ní Agbo Orin Orbital

Àwọn kan nínú àwọn òǹkàwé wa wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn mìíràn sì ń múra láti lọ síbẹ̀ fún ẹ̀kọ́ tàbí fún iṣẹ́. Bí ọ̀rẹ́ bá pè wọ́n lọ́jọ́ kan láti lọ wo àwọn olórin méjì tí à ń pè ní Orbital, ó yẹ kí wọ́n ti mọ̀ ṣáájú pé wọn kò ní rí onígìtá, wọn kò sì ní rí akọrin. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò ni àwọn méjèèjì: Phil Hartnoll ni ẹ̀gbọ́n, Paul sì ni àbúrò. Sevenoaks ní ìpínlẹ̀ Kent ni wọ́n ti dàgbà. Láti ara M25, ọ̀nà ńlá tí ó yí ìlú Lọ́ńdọ̀nù ká, ni wọ́n ti mú orúkọ wọn, nítorí pé ìtòsí ọ̀nà náà ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pàdé lóru láti jó ní nǹkan bí 1989.

Iná yóò kú. Nínú òkùnkùn náà ni ẹ ó ti rí ìmọ́lẹ̀ kéékèèké mẹ́rin, méjì níhìn-ín, méjì lọ́hùn-ún. Awò ojú ni àwọn olórin náà wọ̀, a sì so tọ́ọ̀ṣì kékeré mọ́ ọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé oge ni. Iṣẹ́ ni ó bí i. Ẹ̀rọ yí wọn ká, bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà kéré, orí ìtàgé sì ṣókùnkùn. Awò yìí kan náà ni wọ́n wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 2012, nígbà tí wọ́n lu orin níbi ìṣíde ìdíje Paralympics.

Ìbéèrè tí ó máa ń jáde lẹ́nu àwọn olùkọ́ orin ni pé, ṣé kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ń dá kọrin, tí àwọn wọ̀nyí kàn ń mi orí lẹ́yìn rẹ̀? Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn rí bẹ́ẹ̀, a kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ti àwọn Hartnoll yàtọ̀. Orin tí ó ti parí kọ́ ni wọ́n ń gbé wá. Ègé orin ni wọ́n ń gbé wá: ègé ìlù, ègé ohùn ìsàlẹ̀, ègé dùùrù. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tò wọ́n fún ọdún púpọ̀, Alesis MMT-8, ní bọ́tìnnì mẹ́jọ fún ìlà ohùn mẹ́jọ. Bí wọ́n bá tẹ ọ̀kan, ohùn kan yóò wọlé. Bí wọ́n bá tún un tẹ̀, yóò dákẹ́. Ègé kọ̀ọ̀kan yóò máa yí po títí ọwọ́ ènìyàn yóò fi dá a dúró. Nítorí náà, ìgbà tí ìlù yóò wọlé, iye ìgbà tí ohùn kan yóò tún ara rẹ̀ wí, bí yóò ti mú tó tàbí bí yóò ti rọ̀ tó, lójú agbo ni wọ́n ti ń pinnu rẹ̀, bí wọ́n ti ń wo àwọn oníjó. Ẹni tí ó bá ti rí oníyàálù tí ó fa ìlù sẹ́yìn nítorí pé ẹsẹ̀ oníjó ti ń wúwo yóò mọ ohun tí à ń wí.

Ẹ ó gbọ́ ohùn kan tí ń hó, tí ó sì ń ké. Irú ohùn bẹ́ẹ̀ ti ara ẹ̀rọ TB-303 wá, èyí tí ilé-iṣẹ́ Roland ti ilẹ̀ Japan ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 kí ó lè máa bá onígìtá tí kò ní ẹlẹgbẹ́ lu ohùn ìsàlẹ̀. Kò jọ gìtá, ọjà kò gbà á, wọ́n sì dáwọ́ ṣíṣe rẹ̀ dúró ní 1984. Nígbà tí ó di àlòkù olówó pọ́ọ́kú ni àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú ní Chicago rà á, tí wọ́n yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé ibi tí àwọn tí ó ṣe é kò rò. Ẹgbẹ́ Phuture fi í ṣe àwo Acid Tracks ní 1987. Ó dára kí olùkọ́ sọ èyí fún akẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ń pe orin yìí ní orin òyìnbó.

Orin “Chime” ni ó sọ wọ́n di olókìkí. Ilé àwọn òbí wọn ni wọ́n ti gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì. Ní 1990 ó dé ipò 17 nínú àwọn àwo tí ó tà jù lọ, BBC sì pè wọ́n sí ètò Top of the Pops. Ní ọdún náà, ìjọba Margaret Thatcher ti gbé owó-orí tuntun ka àgbàlagbà kọ̀ọ̀kan lórí, ìlú sì gbóná. Àwọn Hartnoll wọ ẹ̀wù tí ó tako owó-orí náà lọ sórí tẹlifíṣọ̀n.

Ní 1994 ni ọ̀rọ̀ wá le. Òfin kan fún ọlọ́pàá ní àṣẹ láti tú agbo tí ó tó 100 ènìyàn ká bí wọ́n bá ń jó ní ìta gbangba lóru, tí ariwo orin wọn sì ń dààmú àwọn ará àdúgbò. Òfin náà tilẹ̀ dárúkọ irú orin tí ó ń bá wí: èyí tí ó kún fún ìró ìlù tí ń tún ara rẹ̀ lù léraléra. Ẹ jọ̀wọ́, onílù wo ní ilẹ̀ Yorùbá ni ìlù rẹ̀ kì í tún ara rẹ̀ lù? Kí àbá náà tó di òfin, Orbital gbé àwo Are We Here? jáde, wọ́n sì fi orúkọ àbá náà pe orin kan nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá gbé e sí i kò ní gbọ́ ohunkóhun fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ní ọdún kan náà ni wọ́n lu orin ní àjọ̀dún Glastonbury, tí Channel 4 sì fi í hàn káàkiri ilẹ̀ náà.

Bí ó bá kan “Halcyon”, agbo yóò rọ̀. Ìyá wọn ni wọ́n ṣe é fún ní 1992. Oògùn oorun tí à ń pè ní Halcion di bárakú sí ìyá náà lára fún ọdún pípẹ́. Ní 1991 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá títà oògùn náà dúró. Ohùn obìnrin ni ẹ ó gbọ́, tí a yí padà sẹ́yìn, tí ń lọ tí ń bọ̀ bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ lójú oorun. Láàrin ẹ̀dùn yìí ni wọ́n máa ń ju ègé orin Bon Jovi àti ti Belinda Carlisle sí i, tí agbo yóò sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ mú ohun tí ẹ ó fi dí etí dání, nítorí ìró náà ga. Iná ibẹ̀ ń kọ bí mànàmáná; kí ẹni tí ó ní wárápá má lọ. Ìgbà méjì ni àwọn ọmọ ìyá yìí ti pín yà, ní 2004 àti ní 2014, wọ́n sì tún padà ní 2017. Ní 2024 wọ́n ń lu àwo wọn méjì àkọ́kọ́ káàkiri fún àwọn tí a kò tíì bí nígbà tí wọ́n jáde. “Chime” ni ó sábà máa ń gbẹ̀yìn. Bí yóò ti gùn tó lálẹ́ ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì pàápàá kò tíì mọ̀ ọ́n nígbà tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì àkọ́kọ́.