Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Bí Eré Anime Ṣe Ń Dé Ọ̀dọ̀ Òǹwòran

Eré àwòrán tí wọ́n ń ṣe ní Japan, èyí tí wọ́n ń pè ní anime, ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀nà mẹ́ta pàtàkì ni ó ń gbà dé ilé òǹwòran: tẹlifíṣọ̀n, títà á fún ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀ pa mọ́, àti fífi í hàn lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tí yóò kàn wò ó. Ènìyàn lè rò pé ẹ̀rọ tuntun nìkan ni ó ń darí yíyàn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nídìí rẹ̀ ni pé: ta ni yóò san owó iṣẹ́, ta ni yóò sì ni iṣẹ́ náà nígbà tí ó bá parí?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo tẹlifíṣọ̀n. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1963 ni Tetsuwan Atom, eré Tezuka Osamu, bẹ̀rẹ̀ lórí Fuji TV. Iye tí Tezuka gbà lórí apá kọ̀ọ̀kan kò tó owó tí ó ná sí i. Ọjà tí a ya àwòrán akọni eré náà sí lára, àti títà á sí Amẹ́ríkà, ni ó gbẹ́kẹ̀ lé. Eré náà gbajúmọ̀ púpọ̀. Síbẹ̀, ní ọdún 1973, gbèsè gbé Mushi Production, ilé-iṣẹ́ tí Tezuka dá sílẹ̀, ṣánlẹ̀.

Láti nǹkan bí ọdún 1990 síwájú, ó wọ́pọ̀ kí àwọn oníwèé, olórin, oníṣòwò ohun ìṣeré àti ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n pawó pọ̀, kí wọ́n dá ìgbìmọ̀ sílẹ̀ fún eré kan. Ìgbìmọ̀ yìí ni í san owó, òun náà ni í sì yan ọ̀nà. Ayàwòrán tí kò dá owó sí i yóò gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó lẹ́rú ni ó lẹ́rù.

Ọ̀nà kejì ti wà kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. Ní ọdún 1983 ni wọ́n gbé Dallos jáde lórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò, láìgba orí tẹlifíṣọ̀n. Àǹfààní rẹ̀ ni pé òǹwòran fúnra rẹ̀ ni í sanwó. Ìwọ̀nba ènìyàn tí ó fẹ́ràn eré kan lè gbé e ró. Gbígbà sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì jogún àǹfààní yìí, ṣùgbọ́n ohun tí a bá gbà sórí kọ̀ǹpútà rọrùn láti dà kọ, kí a sì pín in káàkiri láìgbàṣẹ.

Àìgbàṣẹ yìí ni ó ṣí ọ̀nà kẹta. Crunchyroll, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, kún fún eré tí àwọn òǹwòran gbé síbẹ̀ láìtọrọ àyè. Ní oṣù kìíní ọdún 2009, TV Tokyo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un ní Naruto Shippuden. Láàárín wákàtí kan tí ó bá jáde ní Japan, ẹni tí ó san àsansílẹ̀ ti lè wò ó. Ẹni tí ó lè rí ojúlówó kíákíá kò ní ìdí púpọ̀ láti wá ayédèrú kiri.

Ní ọdún 2018, apá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá Devilman Crybaby, iṣẹ́ Science Saru, jáde lórí Netflix lọ́jọ́ kan náà. Irú ọ̀nà yìí ń fún ayàwòrán ní òmìnira kúrò lọ́wọ́ òfin tẹlifíṣọ̀n. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ owó àgbàpọ̀ ni ó gbà, òkìkí eré náà kò ní fi kọ́bọ̀ kún un.

Nítorí náà, ọ̀pọ̀ eré ń gba ọ̀nà méjì pọ̀: tẹlifíṣọ̀n ní Japan, íntánẹ́ẹ̀tì ní òkèèrè. Bẹ́ẹ̀ ni Chainsaw Man rí ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ilé-iṣẹ́ MAPPA, tí ó yà á, ni ó fi owó ara rẹ̀ ṣe é. Bí ó bá pàdánù, òun ni. Bí ó bá jèrè, òun náà ni. Ẹni tí ó bá fẹ́ yan ọ̀nà ọjà kò gbọdọ̀ sá fún ewu ẹrù.