Ta Ni Ó Fọ Ìkòkò Tí Wọ́n Fi Ṣeré?

Ní oṣù kẹfà ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ti ti ilẹ̀kùn ilé ẹ̀kọ́ mọ́ àwọn ọmọ wa, òkìkí àwọn ọmọdékùnrin kan ní Ìkòròdú kàn dé Amẹ́ríkà. Àwọn ni ẹgbẹ́ tí a mọ̀ sí Ikorodu Bois. Wọ́n mú ohun èlò inú ilé, wọ́n sì fi tún ìpolówó fíìmù kan tí ń jẹ́ Extraction ṣe, ìran kan tẹ̀lé òmíràn, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó ti ṣe é. Bárò a di ọkọ̀, igi a di ìbọn: bí iṣẹ́ wọn ti rí nìyẹn láti ọdún 2017 tí wọ́n ti ń fi í hàn lórí Instagram. Àwọn arákùnrin méjì tí ń jẹ́ Russo, tí wọ́n wà nídìí fíìmù náà, rí i, wọ́n sì pè wọ́n síbi àfihàn apá kejì rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Netflix kó irinṣẹ́ tí a fi ń ya fíìmù ránṣẹ́ sí wọn.

A kò mọ iye òbí tí ì bá ti na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kí òkìkí rẹ̀ tó kàn. Bí ó bá sì jẹ́ pé inú kíláàsì ni ó ti ń ya àwòrán akọni inú fíìmù sí ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀, ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ mọ ohun tí a máa ń ṣe. Àwa tí a ń kọ ọ̀rọ̀ yìí kọ́ iṣẹ́ olùkọ́, a sì ti gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ rí. Ṣùgbọ́n kí ni ọmọ náà ń ṣe ju ohun tí ọmọ iṣẹ́ ń ṣe lọ́dọ̀ agbẹ́gilére? Ó ń wo iṣẹ́ ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ń ṣe irú rẹ̀, títí iṣẹ́ náà yóò fi mọ́ ọn lọ́wọ́.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ti sọ fún wa pé ọmọkùnrin ni wọ́n, a kò sì bá wọn jà nítorí rẹ̀. Ìbéèrè wa kọjá orí ẹgbẹ́ kan. Ní ilé tí ọmọkùnrin ti ń gbé ìkòkò dé orí láti fi ṣe akoto ọmọ ogun, ta ni ó fọ ìkòkò náà? Ọmọbìnrin ilé kan náà ni. Òun náà wo fíìmù náà, ó lè jẹ́ pé ó tilẹ̀ mọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sórí ju arákùnrin rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ata ni ó ń lọ̀. A mọ̀ pé Ìkòròdú jẹ́ ìlú tí obìnrin máa ń wà nínú ilé ní ọjọ́ Orò. Àṣà nìyẹn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ ni a ń sọ lónìí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà kì í ṣe Orò.

Ní ọdún 1946, nígbà tí Hubert Ogunde, ọmọ Òsósà, gbé eré Tiger's Empire jáde, ó pe obìnrin wá sí orí ìtàgé gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tí ń gba owó. Ojú burúkú ni ará ìlú fi ń wo irú obìnrin bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ìdí nìyẹn tí Ogunde fi ń fi àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ ṣe aya, kí wọn má bàa fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ wá wo Funke Akindele, ẹni tí a bí ní Ìkòròdú yìí kan náà. Fíìmù rẹ̀, A Tribe Called Judah, tí ó jáde ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ni fíìmù Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó pa ju bílíọ̀nù kan náírà lọ ní àwọn ilé sinimá wa. Bí ata nìkan ni wọ́n bá ní kí ó máa lọ̀ ńkọ́?

Ọmọ kan tún wà tí a ń fi sílẹ̀, ì báà ṣe akọ, ì báà ṣe abo: ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tí ó yàtọ̀ sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ariwo a máa ni ín lára; fíìmù kan ṣoṣo a sì máa gbà á lọ́kàn, kí ó wò ó ní ogójì ìgbà. Àwọn oníṣègùn ń pe irú kan nínú rẹ̀ ní ọ́tísíìmù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2021, nǹkan bí ẹnì kan nínú 127 ni ó rí bẹ́ẹ̀ káàkiri ayé. Ilé ẹ̀kọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ bá tó 600 lè ní mẹ́rin tàbí márùn-ún.

Kí ló dé tí a kì í fi í dá wọn mọ̀? Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́: ẹ̀kọ́ ilé wa wà lára rẹ̀. Ọ̀kan nínú àmì tí àwọn dókítà máa ń wò ni pé ọmọ kì í wo ojú ẹni. Ní ilẹ̀ Yorùbá, ọmọ tí kì í tẹjú mọ́ àgbà ni ọmọ tí a kọ́ dáadáa! Bí ó bá jẹ́ ọmọbìnrin tí ó dákẹ́, a ní ojú ń tì í, a yìn ín, ó sì parí. Ìgbà tí ìkíni bá dé ni a tó ń rí wọn. Ọmọ tí kò dọ̀bálẹ̀, tí kò kúnlẹ̀, tí kò dáhùn nígbà tí a pè é lẹ́ẹ̀mẹta, a ti sọ ọ́ di aláfojúdi, pàṣán sì ti jáde.

Irú ọmọ yìí gan-an ni fóònù lè ṣe lóore. Níbẹ̀, kò sí ojú tí yóò wò. Ó lè ka ọ̀rọ̀ ní ìgbà mẹ́ta kí ó tó dáhùn. Àwọn tí ó bá pàdé sì fẹ́ràn ohun tí òun fẹ́ràn. Ó lè kọ ìtàn tirẹ̀ nípa akọni tí ẹlòmíràn dá, kí ó sọ ọ́ di apẹja ní Ẹ̀pẹ́. Ọmọbìnrin tí wọn kò pè sí eré ẹ̀yìnkùlé lè rí àyè níbẹ̀ pẹ̀lú. A kò sọ pé ibẹ̀ mọ́: èébú wà níbẹ̀, àwọn àgbà ìkà tí ń dọdẹ ọmọdé sì wà níbẹ̀.

Nítorí náà ni ó fi yẹ kí ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ fún un ní àyè. Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin fún àwọn tí ó ní ìpèníjà ní ọdún 2011. Ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí tirẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2019, ó sì là á sílẹ̀ pé gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ìjọba gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí a kọ́ láti bójú tó ẹ̀kọ́ wọn. Ẹnì kan péré ni òfin béèrè! Ẹ̀yin olùkọ́, ta ni ẹni náà ní ilé ẹ̀kọ́ yín? Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú, tí ẹ ń tẹ̀lé káńsẹ́lọ̀ kiri ní àsìkò ìbò, ṣé ẹ ti bi í?

Ní Noforija, ní Ẹ̀pẹ́, ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tí a fi orúkọ Michael Otedola pè tẹ́lẹ̀ di apá kan Yunifásítì Ẹ̀kọ́ ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Kò yẹ kí olùkọ́ kankan jáde níbẹ̀ láìmọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ọmọ aláfojúdi àti ọmọ tí ìkíni kò yé. Ní Èjìrìn, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ náà, ìjọba Babajide Sanwo-Olu ya 100 hẹ́kítà sọ́tọ̀ fún ìlú fíìmù. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n kí bíríkì tó dé orí bíríkì, ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ ya ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan sọ́tọ̀ nínú sáà tí ń bọ̀. Fóònù olùkọ́ kan ti tó. Ẹ pe ọmọbìnrin sí iwájú kámẹ́rà, ẹ pè é sí ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ fi ọmọ tí ó mọ fíìmù náà sórí sí ìdí ìtòlẹ́sẹẹsẹ àwọn ìran, ní ibi tí ariwo kò pọ̀. Nígbà tí eré bá sì parí, kí àwọn ọmọkùnrin ni ó fọ ìkòkò.