Ta Ló Gbé Ìkòkò Ìjọ?

600 náírà ni mo ra ìwé náà lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń pàtẹ ìwé àlòkù ní Ìkàrẹ́. Kì í ṣe ìwé ni mo bá lọ. Òwú, síìpù àti bọ́tìnnì ni mo lọ rà, mo kàn ní kí n bẹ̀rẹ̀ wo ohun tó tẹ́ sórí ọ̀rá ni. Mo ka ojú ewé kìíní lórí ìdúró, ó wù mí, mo nájà, mo sanwó. Gbogbo ọgbọ́n tí mo fi ń yẹ aṣọ wò tinú-tòde kí n tó rà á, n kò lo ẹyọ kan níbẹ̀. Mo dé ilé ní Ìkùn, mo fi ọjọ́ mẹ́ta kà á. Ìyá arúgbó inú ìtàn náà wá jókòó dáadáa pé òun fẹ́ sọ ẹni tó yìnbọn. Mo ṣí ewé báyìí, ẹ̀yìn ìwé ni mo bá. Ẹnì kan ti ya ìparí rẹ̀ lọ. Bóyá ẹ̀pà ni wọ́n fi dì, bóyá iná ni wọ́n fi dá, Ọlọ́run ló mọ̀.

The Murder at the Vicarage ni orúkọ ìwé ọ̀hún. Agatha Christie ló kọ ọ́, ọdún 1930 ló jáde. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn náà dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé. Abúlé kan wà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní St Mary Mead. Ọ̀gágun Protheroe tó ń gbé ibẹ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ilé míṣọ́ọ̀nù, nínú yàrá tí pásítọ̀ ti ń kàwé, ni wọ́n ti yìnbọn pa á. Pásítọ̀ yìí gan-an ló ń sọ ìtàn fún wa, ìwé kò sì tíì jìnnà tí ẹnu òun náà fi yọ̀, tó ní ẹni tó bá pa ọkùnrin náà ṣe aráyé lóore. Ọ̀dọ́mọkùnrin ayàwòrán kan tún lọ bá ọlọ́pàá, ó lóun lòun ṣe é. Miss Marple, ìyá arúgbó tí kò lọ́kọ, tí ilé rẹ̀ kángun sí ti pásítọ̀, tó ń tọ́jú òdòdó nínú ọgbà rẹ̀ tó sì ń rí gbogbo ẹni tó wọlé tó jáde, ní tòun, àwọn tí ènìyàn lè fura sí tó méje. Méje! Nínú abúlé tí kò lè tó Ìkùn.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mò ń ṣe, mo sì ní ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ méjì. Bí NẸ́PÀ bá mú iná, tí kò sí owó epo tí a ó dà sí jẹnẹrétọ̀, mo máa ń gbé ìwé jáde. Mò ń fi ojú ka Gẹ̀ẹ́sì, mò ń fi ẹnu sọ Yorùbá. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tó bá wá gba aṣọ á ní òun kò jókòó, ibi tó bá ti bi wá pé, “Ta lẹ ní wọ́n pa?” la ti mọ̀ pé ó ti jókòó.

Àwọn Òyìnbó tó ń ta irú ìwé yìí ń pè é ní cozy, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń lò fún ibi tó móoru tó sì tura, bí ìgbà tí ènìyàn ká aṣọ bora lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó bá mọ ọyẹ́ Àkókó, bó ṣe ń tú dà sílẹ̀ láti orí àwọn àpáta Ọ̀kà ní ìdájí, yóò mọ ohun tí mò ń wí. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń tọpinpin kì í ṣe ọlọ́pàá, ẹnikẹ́ni kò sì sanwó fún un. Ó lè jẹ́ arúgbó, ó lè jẹ́ alásè, ó lè jẹ́ tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ìlú tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn ló máa ń gbé. Ẹnì kan sábà máa ń kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọn kì í fa ọwọ́ rẹ lọ wo ẹ̀jẹ̀. Kò sí ìsọkúsọ nínú rẹ̀ tí ojú á fi tì mí láti kà á sókè níwájú ọmọ ọlọ́mọ. Àlọ́ àpamọ̀ ni wọ́n pa fún ọ, wọ́n sì ti sọ ìdáhùn rẹ̀ fún ọ níbì kan láàárín ìwé, nígbà tí o rò pé ọ̀rọ̀ tíì àti bisikíìtì lásán ni wọ́n ń sọ.

Ẹ wo aago yàrá pásítọ̀ yẹn. Ó ṣubú sórí tábìlì, ó sì dúró ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú 22. Ọlọ́pàá ní ìgbà tí wọ́n pa ọkùnrin náà nìyẹn, ó tán. Àwa tí a ti ń bá pásítọ̀ bọ̀ mọ̀ pé ṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ fi ìṣẹ́jú 15 ti aago náà síwájú, kí ó má bàa máa pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi kékeré ló kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Ó fò sókè, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, a sì fi ojúmọ́ yẹn wá abẹ́rẹ́.

Ọmọ Yunifásítì Àkùngbá kan tó gbé aṣọ ìkẹ́kọ̀ọ́yege wá sọ ohun kan fún mi tí n kò lè gbàgbé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà clue, tí wọ́n ń pe àmì tí a fi ń tú àṣírí, òwú tí wọ́n ká roboto ni ìtumọ̀ rẹ̀ láyé àtijọ́. Ó ní àwọn ará Gíríìsì ló ní ìtàn ọkùnrin kan, Theseus, tó wọ inú ilé tí ọ̀nà rẹ̀ lọ́ mọ́ra bí ìfun. Òwú ló ń tú sílẹ̀ bó ti ń wọlé lọ, òwú náà ló sì tọ̀ jáde. Mo ní kí ọmọ náà mú 200 náírà kúrò nínú owó iṣẹ́ mi.

Nítorí òótọ́ ni. Kí ni télọ̀ kò mọ̀? Téèpù ìwọ̀n mi máa ń mọ̀ pé obìnrin ti lóyún kí ọkọ rẹ̀ tó mọ̀. Mo mọ ẹni tí ìrònú ń mú rù, ẹni tó ní òun fẹ́ kí n gba aṣọ wọlé díẹ̀, tó sì ń rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó ra aṣọ ẹbí lówó tí kò ní. Nílẹ̀ wa, obìnrin tó bá ń rí irú nǹkan báyìí, ayọjúràn la ń pè é. Bó bá lọ sọ ọ́, ó di olófòófó. Ohun tí mo fẹ́ràn jù lára ìwé Miss Marple ni pé wọ́n gbà wá lọ́wọ́ èébú yẹn. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ń bú u pé ojú rẹ̀ ti pọ̀ jù lóde, wọ́n sì tún ń lọ bá a nígbà tí ọ̀rọ̀ bá rú wọn lójú. Òfófó ló ń gbọ́ bí gbogbo wa. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá sọ ọ́ fún un tán, yóò gbé e lé orí òṣùwọ̀n kí ó tó gbé e lé orí ènìyàn.

Wọ́n ní òfin pẹ̀lú, àwọn tó ń kọ ìwé wọ̀nyí. Lọ́dún 1929, fadá Àgùdà kan, Ronald Knox, tí òun náà ń kọ ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, to òfin mẹ́wàá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé agbára àìrí kò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tó di 1930, wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, Detection Club, G. K. Chesterton ni ààrẹ àkọ́kọ́, Agatha Christie wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ á búra pé atọpinpin inú ìwé òun kò ní gba ìṣípayá láti ọ̀run, kò sì ní lo idán. Làákàyè nìkan ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ. Ìyẹn ni pé kò sí wòlíì, kò sí babaláwo, kò sí “Olúwa fi hàn mí lójú àlá.” Ní Àkókó! N kò bá ẹnikẹ́ni jà o, èmi náà ń gun òkè àdúrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ni mo rántí lọ́dún tí ìkòkò ìjọ wa sọnù.

Ìkòkò ńlá tí a fi ń se ìrẹsì ni, ti ẹgbẹ́ àwọn ìyá. Lẹ́yìn ìnáwó òkú kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a wá a tì. Alásè kan wà tí a gbà láti ìlú mìíràn wá ràn wá lọ́wọ́, òun ni gbogbo ènìyàn nàka sí. Èmi náà nàka sí i, kí n má purọ́. Mo tilẹ̀ rántí pé mọ́tò tó gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà wúwo nídìí, bí ẹni pé mo mọ mọ́tò. Àwọn kan ní ká gbé orúkọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ wòlíì. Àwọn kan ní ká fi Bíbélì búra. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, kò sí ìkòkò.

Ní àkókò náà, ìyá kan nínú ẹgbẹ́ wa ti lọ sí Ìbàdàn lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó bímọ. Kó tó lọ, ó ju gèlè aṣọ ẹbí ìnáwó yẹn sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n fi rán fìlà àti bùbá kékeré fún ọmọ tuntun. Ìgbà tí mo tẹ́ gèlè náà kí n gé e, mo rí dúdú lára rẹ̀. Inú bí mi. Mo ti ń wá ọṣẹ nígbà tí mo tún un wò. Dúdú náà kò wà lójú kan. Ó hàn, ó sá, ó tún hàn, àlàfo tó wà láàárín wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, bí àdìrẹ tí wọ́n ká kó tó wọ aró. Aṣọ tí wọ́n ká ni. Kí ni a ń ká gèlè sí? Òṣùká. Kí ló dúdú nídìí bẹ́ẹ̀ tí obìnrin á fi rù ú? Ta ni yóò sì fi gèlè ìnáwó ṣe òṣùká, bí kò ṣe ẹni tó ku òun nìkan lẹ́yìn, tí kò rí àkísà nítòsí?

Mo pè é. Mo ní, “Mà, ẹ kú ewu ọmọ o. Ara ìyá ọmọ ńkọ́? Ìkòkò ìjọ ńkọ́?”

Ó ké, “Yéè! Mo gbé e sílé o! Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn ò ṣe é tì, mo ní kí wọ́n má jí i. Ìdájí ọjọ́ kejì ni wọ́n pè mí pé ọmọ ń rọbí!”

Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ la ti bá a, wọ́n da ọ̀rá bò ó, adìẹ ti yé ẹyin sábẹ́ rẹ̀. A gbé iṣu lọ bẹ alásè. Ó gba iṣu, ó dárí jì wá, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ rẹ̀ ti gòkè láti ìgbà náà.

Ẹnì kan á bi mí pé ṣé Yorùbá kò ní tirẹ̀ ni. Ó ní, ó sì dùn. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé inú wọn, ọlọ́pàá tó ti kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ni. Kọ́lá Akínlàdé kọ Ta Ló Pa Ọmọ Ọba? àti Owó Ẹ̀jẹ̀. Ẹnu Lápàdé mú bí abẹ, ohun tó bá sọ, o máa fẹ́ lọ sọ ọ́ níbòmíràn. Ṣùgbọ́n ìjà ni tirẹ̀, àti eré sísá, Ìbàdàn inú ìwé náà kò sì tura. Bí mo bá kà á lálẹ́, n kì í tètè sùn. Ìyá tó jókòó sí ìta ilé rẹ̀, tó fi ojú àti etí nìkan mú ọ̀daràn, n kò tíì bá a pàdé nínú ìwé Yorùbá tí mo kà. Ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí kò sí àdúgbò tí kò ní ọ̀kan.

Èyí tó sún mọ́ wa jù nínú àwọn tí mo kà ni Precious Ramotswe ti Botswana, inú The No. 1 Ladies' Detective Agency tí Alexander McCall Smith kọ ní 1998. Bàbá rẹ̀ kú, ó fi màlúù sílẹ̀ fún un, ó ta màlúù, ó fi owó rẹ̀ ṣí ọ́fíìsì ìtọpinpin ní Gaborone. Òun ń gba owó, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Obìnrin tó sanra dáadáa, tí kò sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nítorí rẹ̀. Ó ń wa mọ́tò funfun kékeré kan, ó ń mu tíì, ó ń ronú. Ọkọ tó sá nílé àti ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní bàbá ẹni ni iṣẹ́ rẹ̀, ju òkú lọ. Bí mo ti ń kà á, mo ti wọn aṣọ fún un lọ́kàn mi: ìró àti bùbá, ọwọ́ gbígbòòrò.

Ní ti ìwé 600 náírà mi, àwọn oníbàárà ti gbé orúkọ kalẹ̀ nínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí. Ẹni tó bá gbà á, àwọn tó kù á ra míńírà fún un. Ìyá kan dúró lórí ìyàwó pásítọ̀, ó ní obìnrin tó kéré sí ọkọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò sì mọ oúnjẹ sè lè ṣe ohunkóhun. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ mi àgbà mú pásítọ̀. Èmi mú ayàwòrán yẹn, mo fi í sílẹ̀, mo tún mú un. Ọmọ Àkùngbá wá gba aṣọ rẹ̀, ó ní, “Màmá Télọ̀, ẹ jẹ́ kí n wò ó lórí fóònù, ìṣẹ́jú kan ni.” Gbogbo ṣọ́ọ̀bù pariwo mọ́ ọn.

Tí òwú bá tún tán, màá lọ sí Ìkàrẹ́, màá sì kọjá lọ́dọ̀ ọkùnrin oníwé yẹn. Bó bá ní òmíràn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni màá kọ́kọ́ ṣí. Màá fi àtẹ́lẹwọ́ bo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, nọ́ńbà ojú ewé nìkan ni màá wò.