Àwòrán Ló Yẹ Kó Ṣáájú Wáyà

Ǹjẹ́ ẹ ti wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀ rí, tí fóònù yín sì dákẹ́? Kì í ṣe pé fóònù bà jẹ́. Kọnkéré onírin máa ń dín agbára ìgbì rédíò kù gidigidi, ju ògiri pákó lọ. Bí àìsàn bá wá dá ẹnì kan dùbúlẹ̀ níbẹ̀, báwo ni yóò ṣe pe ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́?

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ fi ń lo ètò kọ̀ǹpútà bí iBwave, èyí tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Montreal, lórílẹ̀-èdè Kánádà, lọ́dún 2003. Wọ́n á gbé àwòrán ilé náà sínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì sọ bó ṣe gùn tó àti ohun tí a fi mọ ògiri kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti fi àmì áńtẹ́nà síbi tó yẹ, kọ̀ǹpútà á ṣírò àdánù, títí kan ti inú wáyà. Níbi tí àdánù bá ti jẹ́ 3 dB, ìdajì agbára ti lọ. Àwọ̀ orí àwòrán á sì fi ibi tí ìgbì kò dé hàn.

Síbẹ̀, ìṣirò nìkan kò tó. Lẹ́yìn iṣẹ́, a ní láti fi ẹ̀rọ ìdíwọ̀n rìn ká ilé, ká kọ àbájáde rẹ̀ sílẹ̀, ká sì kọ ibi tí wáyà kọ̀ọ̀kan gbà. Ẹni tó fa wáyà lè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́la. Àkọsílẹ̀ rẹ̀ ni ẹni tó bá dé lẹ́yìn rẹ̀ yóò fi ṣàtúnṣe, láìfọ́ ògiri kiri.